Òṣómàáló Ìmọ̀: Ta Ló Ni Ohun Tí Wọ́n Ṣàwárí Ní Yunifásítì?

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ gbèsè ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ó bi ọmọ Ìjẹ̀ṣà léèrè. Àwọn baba wọn ni wọ́n máa ń ru aṣọ láti Iléṣà lọ sí ìlú àti ìletò, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fi òní dọ́la, oníṣòwò yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Àwọn kan ti fi orúkọ yìí ṣe ẹlẹ́yà rí, ṣùgbọ́n àwa kò rí ohun ẹlẹ́yà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó lóṣòó mọ ohun tí òun tà, ó mọ iye rẹ̀, ó sì mọ ilé ẹni tí ó rà á.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ni ti ọjà kan tí a ti ń tà láwìn ní ilẹ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó lóṣòó nítorí rẹ̀. Ọjà náà ni ìmọ̀ tí wọ́n ń ṣàwárí ní àwọn yunifásítì ìjọba. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tòṣì yunifásítì. Ti Ilé-Ifẹ̀ ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún 1962. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí olú rẹ̀ wà ní Òṣogbo tí ẹ̀ka rẹ̀ sì dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, dá sílẹ̀ ní 2006. Òfin tí ó sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Iléṣà di yunifásítì jáde ní 2022. Owó ìlú ni ó kọ́ wọn. Nígbà tí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá rí ohun tuntun níbẹ̀, ta ni ó ni ín? Ṣé ẹni tí ó ronú kàn án ni? Ṣé ilé ẹ̀kọ́ tí ó fún un ní yàrá àti irinṣẹ́ ni? Ṣé ará ìlú tí ó san owó orí ni, tàbí bàbá arúgbó tí ó kọ́kọ́ sọ orúkọ ewé náà? Àbí ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè sọ pé òun ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iyán, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì jẹ iyán níbẹ̀ kò tíì jẹun. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. A. Makanjuola, tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó lè ṣe iṣẹ́ odó àti ọmọ odó. Ní ọdún 1974, ó kọ àpèjúwe ẹ̀rọ náà sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń kà kárí ayé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀rọ ìgúnyán tí orúkọ ilẹ̀ òkèèrè wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà wa. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ títí di òní ni pé àwọn ará Japan ni wọ́n gbé èrò ọkùnrin ará Ifẹ̀ yìí lọ, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì tà á padà fún wa.

Àwa kò ní fi ìtàn ẹnu ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gbà á bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó le ju bí àwọn tí ń bínú ṣe rò lọ: ṣé olè ni ẹni tí ó ka ohun tí a tẹ̀ jáde, tí ó sì lo ohun tí ó kà? Bí ẹnìkan bá wọ abà mi tí ó kó iṣu mẹ́wàá lọ, iṣu mi ti dín mẹ́wàá. Bí ó bá wo bí mo ṣe ń kọ ebè mi, tí ó lọ kọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ebè mi kò dín. Ìmọ̀ dà bí iná fìtílà: aládùúgbò lè ti ara tèmi tan tirẹ̀, ilé mi kò sì ní ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi ń sọ pé kò sí olè nínú ìmọ̀, àti pé ẹni tí ń du ìmọ̀ bí ẹní ń du ilẹ̀, ahun ni.

Ọ̀rọ̀ wọn kún fún òye, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ẹni tí ó ń kọ ebè kò lo ogún ọdún nílé ìwé, ìjọba kò sì fi owó gáárì àti owó ìwòsàn ará ìlú ra irinṣẹ́ fún un kí ó tó lè kọ ọ́. Iná fìtílà kì í dín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ ń dín, ẹnìkan sì ni ó ń ra epo náà. Bí gbogbo àdúgbò bá ń tan iná lára fìtílà kan tí ẹnikẹ́ni kò dá owó epo, bó pẹ́ bó yá fìtílà náà yóò kú, òkùnkùn yóò sì kárí. Ohun tí ó sọnù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iyán kì í ṣe ìmọ̀, nítorí ìmọ̀ náà ṣì wà ní Ifẹ̀. Owó epo ni ó sọnù, àti orúkọ, àti iṣẹ́ tí ìbá bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá máa jó irin, tí ìbá máa tún ẹ̀rọ náà ṣe, tí ìbá sì máa tà á.

Ní Òṣogbo níbí, ọdún 1980 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà, láti máa ṣe ẹ̀rọ tí ń bí ẹ̀rọ. Ọ̀nà tí ó wà láàrin Ifẹ̀ tí ó ní àwòrán àti Òṣogbo tí ó ní irin kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ nínú mọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni ìgbélọ ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹ́, ẹ sọ fún un pé ìrìn wákàtí kan yẹn ni. Àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn láti máa wo òkun bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ni ìmọ̀ ti lè gúnlẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jáde láti ilẹ̀ yìí ni ó yẹ kí a lóṣòó fún. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1961. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ìlú tí àwọn ọmọ ilé ìwé mọ̀ nínú ìtàn ogun Kírìjì. Àwọn ọmọdé ń kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ó rí i pé kí ojú tó rí i pé ọmọ ń rù, ìwọ̀n rẹ̀ ti dúró tàbí ó ti ń wálẹ̀ tipẹ́. Ni wọ́n bá ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì tí ìlà wà lára rẹ̀. Bí àmì bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, kí a tètè dìde. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni káàdì náà sì ń wà, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ẹ wo bí ọgbọ́n náà ṣe kéré tó, ẹ sì wo bí ó ṣe tóbi tó. Káàdì ọ̀nà ìlera yẹn tàn ká Áfíríkà àti Éṣíà. Ìyá tí ó bá ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ní 1982, ilẹ̀ Saudi Arabia fún Morley ní ẹ̀bùn Ọba Faisal fún ìmọ̀ ìṣègùn.

Ká ní ẹnìkan ti ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan san owó kí ìyá tó lè fa ìlà lórí káàdì, ọmọ mélòó ni ìbá ti kú? Àwa gbà pé irú ìmọ̀ báyìí, tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, tí kò ná ẹni tí ń lò ó ju páálí àti gègé lọ, sàráà ni ó yẹ kó jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó ń dùn wá ni pé a mọ orúkọ dókítà, a kò sì gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé bí ó ti yẹ. Àwọn ìyá tí wọ́n gbé ọmọ wá sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí ìlà fi kún káàdì, òṣìṣẹ́ ìwádìí ni àwọn náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀sìn wa. Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lè sọ pé bí sàráà bá dára tó báyìí, kí ni a ń wá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní páténtì? Ṣé a kò ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fi ìmọ̀ pamọ́? Ìdáhùn wa ni pé páténtì kì í ṣe ìfipamọ́. Àdéhùn ni láàrin olùhùmọ̀ àti ìlú: olùhùmọ̀ yóò kọ gbogbo bí ó ṣe ṣe é sílẹ̀ kí ẹni tí ó mọṣẹ́ lè kà á kí ó sì yé e, ìlú yóò sì fún un ní ogún ọdún tí òun nìkan yóò fi jẹ èrè rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò di ti gbogbo ayé. Bàbá tí ó ní àgúnmu tí ó ń wo àìsàn sàn, tí kò sọ fún ọmọ, tí kò sọ fún àna, tí ó gbé e wọ sàréè, òun ni ó fi ìmọ̀ pamọ́. A kò sì dá irú bàbá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi jù, nítorí ó ti rí bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn tí ó sọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ sàráà fúnra rẹ̀. Ènìyàn kò lè fi ilẹ̀ onílẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ohun tí ó bá jẹ́ tiẹ̀ ni ó lè yọ̀ǹda fún Ọlọ́hun. Ní ọdún 1923, àwọn tí ó ṣàwárí oògùn insulin fún àwọn alátọ̀gbẹ ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà gba páténtì, wọ́n sì ta ẹ̀tọ́ wọn fún yunifásítì wọn ní dọ́là kan péré lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n fẹ́ fi dọ́là kan rà? Ohun tí wọ́n ń lé ni pé bí àwọn kò bá gba ìwé náà, oníwọra kan lè gbà á, kí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn aláìsàn. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kí ilẹ̀kùn lè wà ní ṣíṣí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tí ó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Islam pàdé ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀ àti ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí ohun tí ó hùmọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí sharia dáàbò bò, tí kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn aáfà kan ní èrò mìíràn, ṣùgbọ́n àwa rò pé ti Kuwait ni ó bá òdodo mu jù. Ẹni tí ó bá ta àdàkọ ìwé aáfà kan ní ojú ọ̀nà láìgba àṣẹ ti jẹ nínú òógùn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ewé àti egbò ni ó ṣòro jù. Ní ọdún 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti Dókítà Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ìwé ìwádìí jáde pé omi gbòǹgbò àta, igi tí a fi ń rin orin àta, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí ìrísí tí ó yẹ. Orin àta! Ohun tí ìyá arúgbó ń fi fọ ẹnu ní kùtùkùtù. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá nínú ìgò lè wà nínú igbó. Nígbà tí ó yá, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, tí í ṣe NIPRD, gba àpèjúwe oògùn àìsàn yìí kan náà lọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn ọmọ Yorùbá kan, Rẹ́fúrẹ́ǹdì Ogunyale. Ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀. Ní tòótọ́, NIPRD bá bàbá náà ṣe àdéhùn, èyí yẹ fún ìyìn. Wọ́n gba páténtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Wọ́n fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, ní àṣẹ láti máa ṣe é, oògùn náà sì jáde ní Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2006. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè, ó sì lọ sí kóòtù àwọn tí ó wó. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ń lo oògùn náà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ kíyèsí i: níbí, ìwé àṣẹ wà, àdéhùn wà, bàbá oníṣègùn kò sọnù nínú ìtàn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dàrú, nítorí pé orí ejìká kan ṣoṣo ni a gbé gbogbo ẹrù lé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé páténtì nìkan ni oògùn gbogbo ìṣòro wa, ẹ má gbà á gbọ́. Ìwé kì í po oògùn.

Òfin fúnra rẹ̀ sì ní ojú kan tí kò mọ́lẹ̀. Òfin páténtì ilẹ̀ wa, ti ọdún 1970, sọ pé ohun tí a óò fún ní àṣẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ohun tí àwọn lẹ́kulẹ́ja ti ń tà lọ́jà Òṣogbo láti ayé baba wọn kì í ṣe tuntun, nítorí náà wọn kò lè gba páténtì lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi kẹ́míkà yọ oje rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí lè gbà á. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fún igba ọdún di aláìní, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lánàá di onílé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn kan pé ẹni tí ó bá ń wá páténtì lórí ohun tí ó ti ara ewé, ẹranko tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ wá gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti rí i. Ìbẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe òpin. Kí ẹnìkan sọ pé Ìjẹ̀ṣà ni òun ti rí ewé yìí kò tíì fi owó sí ọwọ́ ará Ìjẹ̀ṣà kankan. Èrò tiwa ni pé kí olùkọ́ yunifásítì tó gba ewé lọ́wọ́ àgbà, kí ó ti kọ orúkọ àgbà náà àti ìpín rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì kà á sí i létí ní Yorùbá níwájú ọmọ rẹ̀. Àmánà ni.

Kí ni ti yunifásítì fúnra rẹ̀? Òfin 1970 yẹn sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà kò bá béèrè ìhùmọ̀, tí ó sì fi irinṣẹ́ agbanisíṣẹ́ hùmọ̀ nǹkan, tàbí bí ohun náà bá ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, owó tí ó tọ́ gbọ́dọ̀ kàn án. Àjọ ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tí ó gba orúkọ NOTAP ní 1992, ti ń dá ọ́fíìsì sílẹ̀ nínú àwọn yunifásítì láti ọdún 2006 láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́fíìsì Òṣómàáló ni àwa ń pè wọ́n láàrin ara wa.

Ó sì yẹ kí a bẹ̀rù àṣejù. Ní yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà, ní 1965, dókítà kan po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún àwọn eléré bọ́ọ̀lù tí oòrùn ń pa. Òun ni Gatorade. Yunifásítì kò kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, yunifásítì ní tòun ni, ìjọba àpapọ̀ náà ní owó òun wà níbẹ̀, ó sì di ẹjọ́. Wọ́n parí rẹ̀, yunifásítì ń gba ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tí kò bá gbé ìyá adìẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹyin.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí, òun sì ni ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ yunifásítì, òun ni ó ń sanwó fún ilé ẹ̀kọ́. Bí ọmọ kan láti Iléṣà bá fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ń yan gàrí láìsí èéfín, ti ilé ẹ̀kọ́ kọ́ lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́ yẹn, àfi bí ó bá ti fọwọ́ sí ìwé tàbí ìlànà tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó ka ohun tí ó fọwọ́ sí nígbà tí ó wọlé. Olùkọ́ tí ó tọ́ ọ sọ́nà ní ìpín bí ó bá ronú pẹ̀lú rẹ̀. Kò ní ìpín nítorí pé ó jẹ́ ọ̀gá. Kí ọmọ náà sì rántí pé bí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ tí a dì pọ̀ bá ti wọ láíbìrì tí ẹnikẹ́ni lè kà á, tàbí tí ó bá ti gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ibi àfihàn, tuntun rẹ̀ lè ti tán lójú òfin. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì NOTAP tí ó wà nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó ko ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tí ń gba ìwé páténtì sílẹ̀ wà ní Abuja, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò sì fi kọ ọ́.